Ìdáhùn Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ọlọ́pàá Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé wá síwájú yín lówùúrọ̀ yìí, kí n tó sọ ohun tó jẹ́ ìtìjú mi. Ọlọ́run tó ń jí mi lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, àní láwọn àárọ̀ tí mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó jí mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yin Olúwa!

Ẹ má bínú pé ìwé ló wà lọ́wọ́ mi. Tíṣà ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí mi ò bá kọ sílẹ̀ láyé ìsinsìnyí, ṣe ló máa ń sá mọ́ mi lọ́wọ́ bí èéfín. Ó ti di oṣù méje tí Débórà ti fi wá sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé mi dà bí ibi tí kùrukùru ọyẹ́ wọ̀ tí kò tíì jáde. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá kejì. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wa ẹ̀rọ náà. Mo ṣì máa ń dúró gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́rìí sí ti tó ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣì wà lórí oyè. Àdúgbò Ìjokù níbí, ní Ṣàgámù, ni à ń gbé, ní ojúkojú pẹ̀lú ilé ìyá ìyàwó mi. Ọ̀gá ilé ìwé ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà náà. Àràárọ̀ ni mo ń wọ ọkọ̀ lọ. Àkọ́bí wa, Fúnmi, ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ohun kan ṣoṣo ló sì ń sọ: ọlọ́pàá lòun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ àgbà bi í pé kí ló dé tí kò ṣe nọ́ọ̀sì.

Fúnmi ní, "Màmá, nọ́ọ̀sì ń dúró kí èèyàn ṣubú kó tó gbé e. Èmi fẹ́ wà níbẹ̀ kó má baà ṣubú rárá."

Ìyá àgbà ní, "Ó dáa. Tí olè bá ti wá ń lé ọ, ìwọ ṣáà máa sá bọ̀ nílé."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí gbogbo Ìjokù mọ̀. Mo ní láti sọ ọ́ kí ohun tó kù lè yé yín.

Ẹ̀yin àgbà rántí àwọn wolé-wolé. Wọ́n á wọ káàkì, wọ́n á fi ìwé ńlá sí abíyá, wọ́n á sì máa yẹ ìkòkò omi wò láti ilé dé ilé. Tí wọ́n bá rí tanwíjí tó ń yí gbirigbiri nínú omi, ilé ẹjọ́ ló kàn. Ní ọdún méjì ṣáájú kí Fúnmi tó sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀kan nínú wọn wọ ilé ìyá àgbà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ẹ̀rọ omi kò yọ omi láti ọjọ́ mẹ́ta, omi inú àmù ìyá àgbà nìkan ló sì kù nínú agboolé. Ọkùnrin náà yọjú sínú àmù, ó ní òun rí tanwíjí. Ìyá àgbà ní èérún ewé ni. Ọkùnrin náà ní ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ẹran, òun máa da omi náà nù.

Fúnmi di ẹnu àmù mú lápá kan. Wolé-wolé di í mú lápá kejì.

"Ọmọbìnrin, fi í sílẹ̀!"

"Ẹ̀yin ni kí ẹ fi í sílẹ̀, sà!"

Wọ́n jọ fà á títí àmù fi dojú dé, gbogbo omi sì dà sí wolé-wolé lára láti àyà dé bàtà. Ìwé ńlá rẹ̀ mu tirẹ̀ nínú omi náà. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ó tó!" Oríkì tó máa ń pè é nìyẹn, òun sì ni ọkùnrin náà gbọ́. Nígbà tí ìwé ilé ẹjọ́ dé, Àbẹ̀kẹ́ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé ìyá àgbà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ níbi iṣẹ́.

Májísíréètì wò ó nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ó bi í bóyá ó ṣe é. Fúnmi ní, "Mo ṣe é, sà, ṣùgbọ́n omi náà dà sí èmi náà lára." Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Májísíréètì kìlọ̀ fún un, ó ní kó máa lọ sílé kó lọ kàwé. Mi ò bèèrè ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìwé wọn. A kàn dúpẹ́, a sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di àwàdà ládùúgbò.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọlọ́pàá wá dé, èmi ni mo jókòó láti kọ ọ́. Ẹ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé yòówù tó bá ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba láti agbègbè wa, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Mo kọ orúkọ, mo kọ ilé ìwé, mo kọ gíga rẹ̀. Mo wá kan ìbéèrè kan: ǹjẹ́ wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan ọ́ dé ilé ẹjọ́ rí? Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dáhùn irọ́ kò ní ríṣẹ́ gbà.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ti gbọ́ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìsarà tí wọ́n kọ̀ nítorí ìjà kan tó jà ní gáréèjì. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ti wọ inú mi.

Fúnmi dúró lẹ́yìn àga mi. Ó ní, "Bàbá, ẹjọ́ àmù ńkọ́?"

"Orúkọ wo ni wọ́n pè ní kóòtù lọ́jọ́ náà?"

"Àbẹ̀kẹ́ ni."

"Ka èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù yìí fún mi."

Ó kà á jẹ́jẹ́. "Rúùtù Olúfúnmiláyọ̀." Ó sì ka orúkọ ìdílé mi mọ́ ọn.

"Ṣé o rí Àbẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀?"

Mo kọ "Rárá." Mo kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú lẹ́tà tó dúró ṣánṣán bí èyí tí mo ń kọ sójú pátákó. Mo ní kó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i, nítorí bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìjọ yìí kí púpọ̀ nínú yín tó dé ibí. Ọwọ́ kan náà tó ń ṣí Bíbélì lórí àga ìkàwé yẹn ló kọ ọ́.

Nígbà tí Débórà gbọ́, aṣọ kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Bàbá Fúnmi, tí ọmọ kíláàsì yín ní Ìkẹ́nnẹ́ bá kọ irú èyí, ṣé máàkì lẹ máa fún un?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ìwé kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ayé ọmọ ni." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí wa ẹ̀rọ rẹ̀. Kò bá mi jà, kò sì tún bi mí ní nǹkan kan. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

Ọyẹ́ wá mú ní ọdún náà ju bó ti máa ń mú lọ. Tí mo bá ń rántí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, funfun báláú ni mo ń rí wọn. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì fún Alájí, aládùúgbò wa, máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀, orí àti ọwọ́ wọn nìkan ni mo sì máa ń rí nínú kùrukùru. Òórùn ewé tútù tí wọ́n fi ń dì í á gba inú rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kì í fọwọ́ kan oúnjẹ títí agogo ọ̀sán yóò fi dún. Èmi náà ń gbàdúrà nínú ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ àdúrà tí mo ń gbà, kó má ku ohun kan tí mo fi pamọ́. Mo ń sọ pé, "Olúwa, bò ó mọ́lẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Lọ́jọ́ kan oorun gbé mi lọ lórí àga lọ́sàn-án, mo sì lá àlá. Mo wà níwájú kíláàsì, mo ń kọ nǹkan sójú pátákó, ṣùgbọ́n dípò kí ẹfun jáde, omi ni. Omi náà ń ṣàn sílẹ̀, kò sì sí lẹ́tà kankan lójú pátákó. Síbẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì ń kà á sókè, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: "Rárá. Rárá. Rárá." Mo jí, mo rí Débórà tó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní mo sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo bi í pé kí ni mo sọ. Ó ní, "Ẹ kàn ń dá ẹnì kan lóhùn ni."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Fúnmi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"A fẹ́ dé Abẹ́òkúta," ó wí.

"Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín tó wà níbẹ̀."

"Tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó kí i."

Mi ò bi í ní ibi tí wọ́n ń lọ gan-an, kò sì purọ́ fún mi. Mo dúró lójúde, mò ń wo ẹ̀yìn wọn. Ìró aláwọ̀ ojú ọ̀run ló wà nídìí rẹ̀. Wọn ò tíì dé ìkóríta tí ọyẹ́ fi gbé wọn mì, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Títí dòní, bí mo ṣe ń rí i lọ́kàn mi nìyẹn, ẹni tó ń rìn wọnú ohun funfun láìbojú wẹ̀yìn.

Ó tó oṣù kan kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Sátidé ni. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé, tó gbé fáìlì dání, dúró níwájú àwọn obìnrin tó ń ṣa obì. Mo wà lórí àga níta, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ó ní sájẹ́ńtì lòun, wọ́n rán òun wá wádìí ìwà ọmọbìnrin kan tó fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó pe orúkọ náà: Rúùtù Olúfúnmiláyọ̀.

"Rúùtù?" Obìnrin kan wo èkejì. "A ò mọ Rúùtù kankan ní Ìjokù o."

"Àbí ti ilé Tíṣà ni?"

"Ha! Àbẹ̀kẹ́ ni! Àbẹ̀kẹ́ tó fi omi àmù wẹ wolé-wolé!"

Ẹ̀rín sọ. Ará, ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́! Wọ́n ń yìn ín. Wọ́n rò pé ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ gbọ́ nìyẹn, pé ọmọ náà láyà. Ọ̀kan dìde, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ obì júwe bí àmù ṣe dojú dé. Òmíràn ń ṣe bí wolé-wolé, ó ń gbọn omi kúrò nínú bàtà tí kò wọ̀. Alájí alára jáde pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

Ó ní, "Sájẹ́ńtì, ẹ gbà á lónìí olónìí. Wọ́n gbé e dé kóòtù, ẹ̀rù kò bà á. Ẹ bi ẹnikẹ́ni!"

Sájẹ́ńtì ní, "Kóòtù?"

"Kóòtù ni! Èmi fúnra mi wà níbẹ̀. Májísíréètì gan-an rẹ́rìn-ín."

Ohun gbogbo wá dákẹ́ nínú etí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá rì sísàlẹ̀ odò. Mo rí ẹnu wọn tó ń ṣí, tó ń pa dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rí sájẹ́ńtì tó kọjú sí mi, tó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dà bíi pé kò ní dé láéláé. Débórà jókòó lórí pèpéle, ó ń rán etí aṣọ. Kò gbé ojú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ṣé ẹ̀yin ni bàbá ọmọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn yín ń sọ. Kí lẹ mọ̀ nípa ẹjọ́ yìí?"

Ìdáhùn méjì ló wá sí mi lẹ́nu. Èkíní ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀: àwọn obìnrin yìí ń ṣeré ni, Àbẹ̀kẹ́ ló lẹ́jọ́, ti Rúùtù ni fọ́ọ̀mù yín. Mo ti tún un sọ nínú ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́ títí ó fi dán. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ èkejì, mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ohun tí ọmọ mi ń lé jẹ́. Mo ṣí ẹnu láti sọ èkíní. Ẹ̀yin ará, mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ohùn láti ọ̀run, kò sí ìmọ́lẹ̀. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé mi ò rí èkíní sọ mọ́. Ó tú kúrò lẹ́nu mi bíi iyọ̀ nínú omi, èkejì nìkan ló sì kù.

Mo ní, "Sájẹ́ńtì, òótọ́ ni. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án. Ọmọ náà fẹ́ sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù, èmi ni mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Èmi ni mo kọ Rárá. Tí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ tèmi sílẹ̀, ẹ má kọ tirẹ̀."

Mo gbọ́ tí abẹ́rẹ́ Débórà dúró.

Sájẹ́ńtì ṣí fáìlì. Ó fa ìwé kan yọ, ó sì na án sí mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé Fúnmi ni. Ó kọ ọ́ pé ìdáhùn tí òun kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò tọ́, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti oríkì tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́. Kò dárúkọ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀dà ìwé ilé ẹjọ́ wà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ akọ̀wé kóòtù Ṣàgámù.

Ó ní, "Ọmọbìnrin yìí àti ìyá rẹ̀ wá bá ọ̀gá wa ní Abẹ́òkúta. A ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá."

"Kí lẹ wá ń bi mí sí?"

"Wọ́n ní kí n gbọ́ bóyá ilé tó ti wá yóò sọ ohun kan náà. Ká ní ẹ sẹ́ ẹ ni, à bá máa rò pé ẹnì kan nínú yín ń fi wá ṣeré." Ó pa fáìlì dé. "Ẹ̀sùn nìkan kò lè dínà mọ́ èèyàn, Tíṣà. Ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe sí i là ń wò. Ká ní wọ́n dá a lẹ́bi olè jíjà ni, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ti ọmọ yìí, ìkìlọ̀ ni wọ́n fún un, wọn ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí èèyàn bá fi pamọ́, tó jẹ́ àwa fúnra wa la wú u jáde, a kì í bèèrè bí ẹjọ́ náà ṣe kéré tó. A ti rí àwọn tó gbọ́n dáadáa tí irú èyí lé padà."

Ó kí mi, ó kí ìyàwó mi. Alájí fún un ní obì, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbà á. Ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ lórí itan mi, omijé sì ń bọ́ sórí ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ.

Mo bi Débórà pé kí ló dé tí kò sọ fún mi pé wọ́n ti tún un ṣe.

Ó ní, "Ká ní mo sọ fún yín, ẹ ò ní fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Mo sọ fún Ẹni tó lè mú yín sọ ọ́." Ó wá dìde, ó gbọn òwú kúrò lára ìró rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wọlé. Ebi á ti máa pa yín."

Wọ́n gba Fúnmi síṣẹ́ kí òjò tó dé. Ó ti di sájẹ́ńtì fúnra rẹ̀ báyìí, ní òkè ọya. Ẹ rí i nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀. Olúwa gbọ́ àdúrà tí Débórà fi ààwẹ̀ gbà, kò sì gbọ́ tèmi. Mo ń dúpẹ́ fún méjèèjì. Ká ní ó gbọ́ tèmi ni, ọmọ náà ì bá ti pàdánù iṣẹ́ náà, èmi ì bá sì ṣì wà lórí àga ìkàwé yìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ikùn mi.

Ohun tó mú mi dìde lónìí nìyí. Ọdọọdún, ní ọjọ́ ìdúpẹ́, ẹ máa ń rí ìyàwó mi tó ń jáde wá síwájú. Yóò sọ pé Olúwa ṣe ohun kan nínú ilé òun, yóò fi ọrẹ lélẹ̀, yóò sì padà lọ jókòó. Àwọn ìyá ìjọ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu: "Ìyá Fúnmi, ẹ̀rí wo ni ìyẹn? Kí ni Olúwa ṣe?" Yóò kàn rẹ́rìn-ín. Kò lè sọ ọ́ láìdárúkọ mi. Nítorí mi ló ṣe fi ẹ̀rí rẹ̀ sínú títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ, ó lé ní ọdún mẹ́fà, mo sì ń wò ó lọ́dọọdún, mi ò dìde.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, èyí tí ẹ ń bèèrè nìyí. Ẹ̀rí tirẹ̀ ni, èmi kàn bá a kà á ni. Gbogbo ògo ni fún Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ ara mi, tó sì fi obìnrin náà ṣe aya fún mi. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ dìde dúró, ẹ bá wa yọ̀, kí akọrin gbé orin ọpẹ́ yòówù tó bá wù wọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ kó ròkè dáadáa. Débórà kò fẹ́ràn orin tí wọ́n ń kùn sínú.